Àwòrán Ìyá Sàlàkọ́

Bí ẹ bá dé Ìbàfò tí ẹ béèrè Qudrah onílẹ̀kùn, tọmọdé tàgbà ni yóò nàka sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Ilẹ̀kùn onígi àti onírin, àgádágodo, ìṣó, kọ́kọ́rọ́ oríṣìíríṣìí, òun ni ó ń tà wọ́n fún àwọn ará Èkó tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sí Mòwé àti agbègbè rẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó ti bí ọmọ kan fún Uthman ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí oníbàárà bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò dára, á ní, "Kò burú. Ẹ fi ilẹ̀kùn yín sílẹ̀ gbayawu lálẹ́ òní, àwọn olè á sọ fún yín bí kọ́kọ́rọ́ mi ṣe dára tó."

Ẹ kò ní mọ̀ pé ẹni tí ó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín báyìí ní ìbànújẹ́ kankan. Kì í fi ẹkún sọ ọ́. Àwòrán kan ni ó fi ń sọ ọ́, àwòrán tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí ó fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òdòdó ni àwọn mìíràn ń fi síbẹ̀, àwọn mìíràn ń fi mọ́tò tí wọn kò ní síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi òyìnbó obìnrin síbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ohun tí wọ́n ń fi í wá. Ti Qudrah kò jọ tiwọn.

Ìfọ̀ ni wọ́n bí i sí, ní ilé kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ìyá rẹ̀, Ròkíátù, ọlọ́ṣẹ dúdú ni. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un: Sàlàkọ́ àkọ́bí, tí ó fi àpò bojú wáyé, àti Qudrah tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn. Àwọn tí ó wà láàárín wọn kò dúró. Baba wọn ti kú kí Qudrah tó dá ojú ènìyàn mọ̀, nítorí náà Sàlàkọ́ tí ó fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ ni ó ṣe baba fún un. Òun ni ó ń gbé e sí èjìká lọ sí ilé kéú. Nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, òun náà ni ó kọ́ ọ bí a ti ń lu ìṣó láì lu ìka ara ẹni.

Ní ọdún 1992, nígbà tí Sàlàkọ́ gba fìrídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń lọ sí Líbíyà. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó bẹ̀ ẹ́ lórí ìjókòó, ó bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ó ní kí ó wo bí ilé ṣe rí, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó kù nínú rẹ̀ nìyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọkùnrin náà gbé báàgì kọ́ èjìká. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ròkíátù dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ọmú rẹ̀ síta, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ pé ọmú yìí ni o mu dàgbà, bí o bá ré kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, o ò ní fojú kàn mí mọ́, èmi náà ò ní fojú kàn ọ́."

Sàlàkọ́ wo ìyá rẹ̀ títí. Ó wá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ré e kọjá.

Qudrah, ọmọ ọdún mẹ́wàá, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó di ọmú mú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílẹ̀ Yorùbá. Ẹnu tí ó sọ ọ́ nìkan ni ó lè gbà á padà, ó sì yẹ kí etí tí ó gbọ́ èkíní gbọ́ èkejì. Kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ náà ni ìyá ti kábàámọ̀. Ó sáré dé gáréèjì láì wọ bàtà, ọkọ̀ ti gbéra. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó wá láti Àgádésì lọ́dún kejì, kò ní àdírẹ́sì, kò sì sọ ju pé ara òun le. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí kò dá dúró. Ní gbogbo òwúrọ̀, bí ó bá ti kí ìrun àṣùbáà tán, á bu omi tútù sínú kọ́ọ̀pù, á dúró ní ẹnu ọ̀nà kan náà, á da omi náà sílẹ̀, á ní, "Sàlàkọ́, mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ilẹ̀ tútù ni kí o máa tẹ̀. Máa bọ̀ wálé." Àlùfáà àdúgbò sọ fún un pé kò sí irú èyí nínú ìwé. Ó dáhùn pé òun kò bi í. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé òun ń gba ọ̀rọ̀ padà, ẹni tí ó ni ín kò gbọ́. Kò tọrọ ohun méjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ju pé kí Sàlàkọ́ gbọ́ ọ láti ẹnu òun kí òun tó kú.

Ní oṣù Máàṣì ọdún 2006, obìnrin kan tí ó wá ra kọ́kọ́rọ́ sọ fún Qudrah pé àwọn ọmọ Ìfọ̀ ti dá ojúlé kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà, ní Sípéènì, gbogbo wọn ni wọ́n ń wọ ibẹ̀ wá kí ara wọn. Qudrah kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí kò ṣe rí, ó gba ọ̀dọ̀ Gbémiga lọ.

Gbémiga ni ó ni kafé kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í kú sínú iṣẹ́ ní Ìbàfò nígbà náà. Ọmọ ìjọ ni, ó níwà tútù, ṣùgbọ́n kafé nìkan kò lè bọ́ ọ. Ó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ó ń tẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pósítà òkú, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri tí fọ́tò bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà máa ń wà láàárín rẹ̀.

Ó bá Qudrah forúkọ sílẹ̀ tán, ó wá ní, "Àǹtí, ó ku avatar."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Picture kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín ni. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ nǹkan, á máa yọjú. Ẹ jẹ́ kí n snap yín wéré. Ẹ fi páúdà díẹ̀ sójú."

Qudrah ní rárá. Ó ti rò ó láti ojú ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Sàlàkọ́ fi í sí, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì kò sí lẹ́nu nígbà náà. Bí ó bá rí ìyàwó ilé tí ó wé gèlè lónìí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Orúkọ ọkọ ni ó sì ń jẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni ó wà láyé tí Sàlàkọ́ kò lè gbàgbé, ojú tí ó ní ìlà Ẹ̀gbá mẹ́ta mẹ́ta, tí àpá kékeré kan wà lókè ìpéǹpéjú òsì níbi tí ọṣẹ gbígbóná ti ta sí i.

Ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé àwọn ń wá Sàlàkọ́, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbà. Nígbà tí ó lọ sí Ìfọ̀ lọ gba àṣẹ, ìyá ní, "A kì í lu agogo lé ọmọ ẹni lórí bí ẹni pé ewúrẹ́ ni ó sọnù. Ṣé gbogbo Ìfọ̀ ni kó kà á pé mo di ọmú mú lé ọmọ mi? O sì mọ̀ bóyá ó ń sá fún ọlọ́pàá lọ́hùn-ún, kí o wá fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìkéde? Fi ojú mi síbẹ̀. Bí ó bá rí ojú mi, á mọ̀ pé mò ń wá òun." Ó wọ yàrá lọ, ó mú fọ́tò tí ó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, èyí tí ó yà ní Iléyá ọdún náà: ó jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀ olóògbé, ó wọ léèsì funfun, ó fi ìborùn funfun borí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ni, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà wa kì í rẹ́rìn-ín sí fọ́tò.

Gbémiga fi ẹ̀rọ da fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó gé àga kúrò, ó gé ọwọ́ kúrò, ó ku orí àti àyà. Aṣọ funfun, ògiri funfun, ojú ewé tí wọ́n fẹ́ gbé e lé náà funfun, ìyá wá fẹ́ẹ́ pòórá síbẹ̀. Gbémiga ronú díẹ̀, ó fa ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí àwòrán náà ká, ojú ìyá sì yọ kedere. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó kọ "Ìyá ni wúrà" sí. Qudrah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Ọwọ́ ènìyàn a máa lọ síbi tí ó ti mọ́ ọn lára, kò sì sí ẹni tí ó fura nínú àwọn méjèèjì.

Láti ìgbà náà, ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Qudrah máa ń lọ sí kafé. Kò ní ọ̀rọ̀ gidi kan tí ó ń bá wọn sọ. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ọdún tí wọ́n kọ́ ilé ìwé kan, á dá sí i. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn kú ọdún, á kí wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ni ó wá sọ. Ó ń sọ̀rọ̀ kí àwòrán náà lè máa yọjú ni. Gbogbo ibi tí ó bá ti sọ̀rọ̀ ni ìyá rẹ̀ jókòó sí, tí ó ń tẹjú mọ́ ayé, tí ó ń wá ọmọ. Bí ó bá parí, á wo inú àpótí lẹ́tà rẹ̀ lórí ojúlé náà. Kò sí.

Bí ó bá wá lọ sí Ìfọ̀, tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Berger, tí ó tún wọ ti Sáńgò, tí ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹrù àti ọmọ lẹ́yìn, kí ó tó kúnlẹ̀ kí ìyá tán ni ìyá á ti béèrè.

"Ó ti dáhùn?"

"Kò tíì dáhùn, Màmá."

"Á dáhùn."

Lẹ́ẹ̀kan, Qudrah tẹ ojú ewé náà sórí bébà fún un. Ìyá gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó rí ara rẹ̀ nínú ìlà dúdú, kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò méjì lọ. Ó ní, "Áà, Qudrah. Ṣé ibi tí mo kéré tó yìí náà ni ọmọ mi á ti rí mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká bébà náà, ó kì í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún kan náà ni Qudrah dé kafé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá ohun kan níbẹ̀ tí ó mú kí ó ṣí ẹnu sílẹ̀. Ní Sátidé tí ó ṣáájú, ọkùnrin kan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàkíyèsí fọ́tò Màmá ọlọ́ṣẹ ni. Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí aljánnà." Qudrah kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dá ọkùnrin náà lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé Màmá òun wà láyé, wọ́n wà ní Ìfọ̀, ara wọn le koko bí òkúta, ọṣẹ ni wọ́n ń lù lọ́wọ́. Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tí ó dé Ìfọ̀ ó sọ fún ìyá, ó ní bóyá kí òun pààrọ̀ fọ́tò náà sí òmíràn. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Wọ́n ti fi ẹnu pa mí! Ẹ̀mí gígùn nìyẹn, o ò mọ̀? Ẹni tí wọ́n bá fi ẹnu pa, ó di ọjọ́ pípẹ́ kí ikú gidi tó rántí rẹ̀. Má fọwọ́ kàn án rárá. Bí o bá yọ ojú mi kúrò, ta ni ọmọ mi á rí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń wí. Qudrah fi fọ́tò náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá sì ṣẹ, nítorí ó lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin sí i láyé. Ní gbogbo òwúrọ̀ inú rẹ̀ ni ó da omi sí ẹnu ọ̀nà.

Oṣù kìíní ọdún 2009 ni ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Kò pẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, Qudrah ni ó ń bá a da omi náà, ìyá á máa fi ohùn Ẹ̀gbá rẹ̀ tí ó ti lọ sílẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà láti orí ẹní. Ní àárọ̀ tí ó kẹ́yìn, ó béèrè pé, "Ó ti dáhùn?" Qudrah rò pé kí òun parọ́. Irọ́ náà wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ìyá ń tẹjú mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń tẹjú mọ́ni nínú fọ́tò, kò sì lè ṣe é.

"Kò tíì dáhùn, Màmá."

"Á dáhùn," ni ìyá wí. Kò tún sọ ohun mìíràn mọ́.

Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ti ẹ̀sìn, wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe ti ogójì. Gbémiga wá kí i, ó ní ṣé kí òun bá a kọ "Sùn re o" sábẹ́ àwòrán náà. Qudrah ní kí ó má kọ nǹkan kan. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ṣì ń bọ̀ wá rí i, kí ó má jẹ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ogójì, ó dé kafé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà kan sì wà nínú àpótí rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ ni Sàlàkọ́.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kíní, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ó nu ojú, ó tún un kà.

"Qudrah, àbúrò mi. Èmi ni. Sípéènì ni mo wà, oko tòmátì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò tíì ní ìwé. Má bínú pé mi ò kọ̀wé láti ọjọ́ yìí. Ní ọdún 2006, ẹnì kan láti Ìfọ̀ júwe ojúlé yìí fún mi. Ọjọ́ Sunday kan ni mo wọ ibẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni fọ́tò Màmá, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ìlà dúdú yí wọn ká. Mo ní rárá, bóyá kì í ṣe ohun tí mo rò. Ni mo bá rí i pé ẹnì kan ti kí yín kú ọ̀fọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lánàá ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lórí, pé bí ẹ ṣe rọra fi tó mi létí nìyẹn. Ẹ ṣé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mi ò tún ṣí ojúlé náà mọ́ títí di òní tí mo wọ ibẹ̀ láti kọ lẹ́tà yìí nìkan.

"Owó ọkọ̀ ilé ni mò ń tù jọ nígbà náà, Qudrah. Mo fẹ́ wá dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó sọ ọ́ ti dákẹ́, kí ni mo tún ń bọ̀ wá ṣe? Mo fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Gbogbo ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ni mo máa ń gba ààwẹ̀ fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí wọ́n tó lọ, ṣé wọ́n sọ nǹkan kan nípa mi?"

Qudrah jókòó síbẹ̀ títí Gbémiga fi wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà ka lẹ́tà náà láti èjìká rẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀. Nígbà tí ó kan ibi ìlà dúdú, ó gbé ọwọ́ lé orí.

"Àǹtí," ó ní. "Àǹtí, ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ tí mo fi ń tẹ pósítà òkú yìí ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Bọ̀ọ̀dá Gbémiga. Èmi ni mo mú fọ́tò wá."

Ọjọ́ Sátidé ni ẹni yẹn kí i kú ọ̀fọ̀. Ọjọ́ Sunday ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun dáhùn pé ìyá òun wà láyé. Ọjọ́ méjì péré. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú ń bí mi bí mo bá dé ibí yìí, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí. Àwòrán tí wọ́n fi wá Sàlàkọ́ wálé náà ni ó dá a padà lọ́nà. Ìyá rẹ̀ ń da omi sílẹ̀ lójoojúmọ́ nílé, ọmọ ń gbààwẹ̀ òkú rẹ̀ lókè òkun, àwọn méjèèjì sì wà láyé.

Qudrah ronú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí ó bá sọ òtítọ́ fún un, òtítọ́ náà á pa á. Yóò mọ̀ pé ìyá òun retí òun ní òwúrọ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin lẹ́yìn ọjọ́ tí òun ti kà á mọ́ òkú. Bí ó bá parọ́, irọ́ náà á wà lọ́rùn òun títí dé sàréè. Uthman ọkọ rẹ̀ ní òtítọ́ ni kí ó sọ, nítorí Ọlọ́run. Qudrah wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo máa gbé e dìde nílẹ̀ lọ́hùn-ún tó bá ṣubú?"

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e, ó kọ̀wé: "Bọ̀ọ̀dá mi, Màmá gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ gan-an ni wọ́n ti gbà á padà, wọ́n sáré dé gáréèjì, wọn ò bá yín. Wọ́n da omi tútù sílẹ̀ fún yín ní ẹnu ọ̀nà. Etí mi ló ṣe. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ wálé. Orúkọ yín ló kẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, àfi pé kò kọ ọjọ́ kankan sí i. Ó wá ní kí Gbémiga yọ èsì tí òun kọ nígbà yẹn pé ìyá wà láyé, kí ó sì yọ àwòrán náà. Ohun tí ó rọ́pò rẹ̀ ni orí eérú kan tí kò lójú tí kò sì nímú, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kò tíì yan nǹkan kan. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó kan pé kí wọ́n rẹ́ sàréè ìyá ní Ìfọ̀, bíríkìlà béèrè ọjọ́ tí òun máa kọ sí ara sìmẹ́ńtì kí ó tó gbẹ. Qudrah ní orúkọ nìkan tó.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún náà bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Qudrah se ìrẹsì, ó din àkàrà, ó pín in fún àwọn aládùúgbò ní Ìbàfò kí wọ́n fi ṣínu. Kúlúsúmù, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra, gba àwo tirẹ̀, ó wá dúró.

"Sàráà Màmá náà nìyí? Ṣebí oṣù kìíní ni Màmá yín kú? Àwa la jọ lọ sí Ìfọ̀."

"Ti Màmá ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ni Qudrah dá a lóhùn. Kúlúsúmù wò ó lójú, ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n ṣínu tán ni fóònù tí Qudrah ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Sípéènì dún. Sàlàkọ́ ni. Ohùn rẹ̀ ti wúwo, ó ti di ohùn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ bí ó ṣe ń pè é nígbà tí ó wà lórí èjìká rẹ̀. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣe sàráà ìrántí Màmá tí òun ní kí wọ́n ṣe. Qudrah ní àwọn ti ṣe é, àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n sì ṣe àmín.

Ọkùnrin náà ṣe àmín. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Ohun kan ló máa ń tù mí nínú, Qudrah," ó ní. "Pé wọn ò retí mi pẹ́ jù. Pé wọ́n tètè sinmi."

Qudrah fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù títí ó fi rí ohùn tí yóò lò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Wọn ò retí yín pẹ́."